Àyè tí olórin fi sílẹ̀: bí a ṣe ń yọ suite ọ̀kẹ́sítrà láti inú Cherevichki ti Tchaikovsky

Ìbéèrè: Mo ń darí ọ̀kẹ́sítrà kékeré kan, ènìyàn 45 ni wá. Mo gbọ́ Cherevichki, ópẹ́rà Tchaikovsky tí wọn kì í sábà ṣe, orin inú rẹ̀ sì wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ yọ suite (àkójọ orin kéékèèké fún ọ̀kẹ́sítrà) bí ogún ìṣẹ́jú nínú rẹ̀ fún àsìkò Kérésìmesì, láìsí akọrin kankan. Horn mẹ́ta la ní, trombone méjì. A ò ní tuba, a ò ní háàpù, ṣùgbọ́n piano wà. Mo gbìyànjú láti gbé àwọn ijó inú rẹ̀ jáde bí wọ́n ṣe wà, àmọ́ ó ń dún bí ẹni pé nǹkan sọnù. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí etí yín gbọ́ yẹn, òótọ́ ni. Nǹkan sọnù, ọ̀fun ènìyàn sì ni. Ẹni tó ń kọ ópẹ́rà kì í jẹ́ kí ọ̀kẹ́sítrà kún dẹ́nu. Ó máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín, níbi tí ohùn olórin máa jókòó sí: á ní kí fáólìn rọra, kí ohun-èlò tó bá wà ní ìpele ohùn náà panu mọ́, kí béèsì má kún ilẹ̀ jù. Bí ẹ bá wá mú olórin kúrò, tí ẹ ò sì ṣe nǹkan kan sí àyè rẹ̀, àyè náà á lanu sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nítorí náà, yíyan ijó kọ́ ló le nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí ẹ máa bi ara yín ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni pé: ta ni yóò jókòó sí àyè olórin, àbí kí a pa àyè náà dé?

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé tó wà lọ́wọ́ yín wò, nítorí ẹ̀dà méjì ni iṣẹ́ yìí ní, wọ́n sì jọra débi pé wọ́n lè ṣini lọ́nà. Ọdún 1874 ni Tchaikovsky kọ àkọ́kọ́, Vakula Alágbẹ̀dẹ, fún ìdíje kan. Akéwì Yakov Polonsky ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti inú ìtàn òǹkọ̀wé Gogol nípa àìsùn Kérésìmesì ní abúlé Dikanka ní Ukraine. Tchaikovsky ló gba ipò kìíní, wọ́n sì ṣe ópẹ́rà náà ní gbọ̀ngàn Mariinsky ní St Petersburg lọ́dún 1876. Ní 1885 ó gbé e kalẹ̀ padà, ó tún un kọ, ó sì yí orúkọ rẹ̀ sí Cherevichki, ìyẹn bàtà obìnrin onígìgísẹ̀. Oṣù Kìíní 1887 ni èyí jáde ní Bolshoi ní Mọsko, òun fúnra rẹ̀ ló darí rẹ̀. Nígbà tó ń tún un ṣe, ó mú kí ọ̀kẹ́sítrà fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó tún àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi orin sọ̀rọ̀ kọ, ó sì fi àwọn orin kan kún un. Bó bá jẹ́ pé ti 1887 ni ìwé adarí yín, tí ìwé olórin-àti-piano tẹ́ ẹ fi ń ṣàyẹ̀wò sì jẹ́ ti 1876, bar wọn (àwọn ìpín kéékèèké tí a pín orin sí) kò ní bára mu, ẹ máa rò pé ìwé adarí ló ní àṣìṣe. Ẹ mú ẹ̀dà kan, kẹ́ ẹ má fi èkejì lẹ̀ ẹ́.

Ní ti ẹ̀tọ́ àdàkọ, Tchaikovsky kú ní 1893, Polonsky ní 1898. Orin àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé, àti ẹ̀dà àtijọ́ tí ilé ìtẹ̀wé Jurgenson tẹ̀ ní Mọsko pẹ̀lú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni ẹ̀dà tuntun tí àwọn onímọ̀ ṣàtúnṣe sí, àti páàtì (ìwé ohun-èlò kọ̀ọ̀kan) tí wọ́n fi ń háyà. Wọn kì í gbà kí a dà á kọ, ẹ má sì ṣe é.

Àwọn ará Rọ́ṣíà ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Rimsky-Korsakov kó ìbẹ̀rẹ̀, ijó àti ìwọ́de ọlọ́lá inú ópẹ́rà rẹ̀ Mlada jọ sí suite alápá márùn-ún. Nígbà tó kan Tsar Saltan, ìṣíde ìpín ópẹ́rà ló mú, ó sì ṣe é ní àwòrán mẹ́ta tí ìpè trumpet kan náà ń ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹni tó ń gbọ́ lè mọ̀ pé ìtàn kan náà ni. Prokofiev wá ṣe ohun tó le jù: láti inú The Gambler, ó ṣa gbogbo ohun tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan jọ láti ibi gbogbo nínú ópẹ́rà, ó fi kọ orin nípa ènìyàn mẹ́rin, ó sì fi ìparí kan kún un. Ìyẹn ti di kíkọ orin tuntun, mi ò sì ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ní tiyín, ẹ da ọ̀nà kìíní pọ̀ mọ́ èkejì: ijó díẹ̀, àwòrán díẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó yan ohunkóhun, ẹ ka bar. Bí ijó 3/4 bá ń lọ ní quarter-note 96 ní ìṣẹ́jú, bar 32 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ijó 2/4 bá ń lọ ní 132, bar 66 ni, bar 200 á sì gbà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ẹ má fi rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan ṣe ìṣirò, torí olórin ń fa ibi tó bá wù ú gùn, ohun-èlò kò sì ní fà á bẹ́ẹ̀. Lára ogún ìṣẹ́jú yín, ẹ yọ ìdajì ìṣẹ́jú fún ìdákẹ́ láàárín orin sí orin àti fún yíyí ohùn ìlù timpani padà.

Èyí ni màá yàn: ìjì yìnyín tí Bìlísì dá sílẹ̀ ní ìpín kìíní, ìṣẹ́jú mẹ́ta; orin Oksana, mẹ́rin; hopak tí Solokha, ìyá Vakula, àti Bìlísì jó ní ìpín kejì, méjì; àwọn rusalka, ẹ̀mí obìnrin inú odò, níbẹ̀rẹ̀ ìpín kẹta, mẹ́rin; minuet ààfin, méjì àtààbọ̀; lẹ́yìn náà ijó Rọ́ṣíà àti ijó àwọn Kọ́sákì, mẹ́rin. Ó jẹ́ ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún àtààbọ̀. Ìtàn náà sì ṣeé tẹ̀ lé láìsí ọ̀rọ̀: òru àti ìjì, ọmọbìnrin tí Vakula alágbẹ̀dẹ fẹ́, ilé ìyá Vakula, etí odò tó fẹ́ kú sí, ààfin Ọbabìnrin níbi tó ti lọ tọrọ bàtà, àti ìdùnnú.

Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè Ìṣíde ńlá àti polonaise, ijó ilẹ̀ Poland inú rẹ̀. Ìṣíde yẹn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n odidi iṣẹ́ tó dá dúró ni, àkókò tó sì máa gbà kò ní jẹ́ kí ìyókù rí àyè. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn, kẹ́ ẹ sì ṣe é lódidi. Polonaise ní tirẹ̀, ègbè ló ń kọ ọ́, ijó 3/4 ni bíi minuet, tí ẹ bá sì to méjèèjì tẹ̀ léra, etí á sú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbogbo ẹni tó bá gbọ́ polonaise Tchaikovsky ló máa fi wé ti Eugene Onegin, ópẹ́rà rẹ̀ mìíràn. Ti Onegin náà ló máa borí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Oksana, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà jù. Orin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí ní èdè Rọ́ṣíà: Tsvela yablonka v sadochke, igi ápù kékeré tanná nínú ọgbà. Sílébù mẹ́jọ ni: tsve-la ya-blon-ka vsa-doch-ke. Ìwúwo wà lórí la, lórí ya, àti lórí doch. Àwọn márùn-ún tó kù fúyẹ́. Ibi yìí ni etí àwa tí a ń sọ Yorùbá ti lè tàn wá. Nínú èdè tiwa, ohùn ọ̀rọ̀ wà nínú orin fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dùndún fi lè gba orin lẹ́nu olórin, tí ẹni tó gbọ́ èdè á ṣì mọ ohun tí ìlù ń wí. Ti Rọ́ṣíà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwúwo sílébù ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọn, kì í ṣe òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn. Bí clarinet bá fun gbogbo nóòtì náà pé pérépéré, tí kò sì tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kú, orin náà á sì dún bí àwọn nóòtì tí wọ́n tò síbẹ̀ lásán.

Nítorí náà, nínú fáìlì yín lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ sílébù Rọ́ṣíà sábẹ́ ìlà sólò náà títí iṣẹ́ á fi parí, kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́. Ẹ fi àmì tenuto kékeré (pé kí a tẹ nóòtì náà díẹ̀) sórí sílébù tó wúwo, kẹ́ ẹ fi slur (ìlà tó so nóòtì pọ̀) fa èyí tó fúyẹ́ lọ bá a. Àṣìṣe tí a ń rí jù ni pé kí ènìyàn da slur olórin kọ bó ṣe wà. Slur nínú ìlà olórin ń sọ pé sílébù kan gba nóòtì méjì ni. Kò sọ nǹkan kan nípa èémí tàbí nípa ọfà fáólìn. Ìkejì ni nóòtì tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Níbi tí Oksana bá ti pe sílébù mẹ́ta lórí nóòtì kan náà, kọ́nsónáǹtì ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, etí kì í sì kíyè sí i pé nóòtì kan ni. Clarinet kò ní kọ́nsónáǹtì, ahọ́n ló ní. Tó bá fi ahọ́n lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, á dún bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ so èyí tó fúyẹ́ pọ̀ di nóòtì gígùn kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kí èyí tó wúwo nìkan dá dúró.

Ta ni kó gba sólò náà? Oboe ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sáré bá, ó sì dára, àmọ́ ẹ má fún un ní gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé èémí ń tán nínú ẹni tó ń fun oboe. Èémí tó ti gbó ló ń há sí i láyà, ó gbọ́dọ̀ tú u jáde kó tó fa tuntun, ìyẹn sì ń gba àyè ju mímí olórin lọ. Ìlà tí sópránò lè kọ láìdúró lè mú kí oboe máa gbọ̀n kó tó dé òpin. Èmi á fi clarinet bẹ̀rẹ̀ níbi tí ohùn ti wà nísàlẹ̀, kí oboe gbà á lẹ́yìn ìsinmi àkọ́kọ́, kí fáólìn kìíní lápapọ̀ sì gbé e níbi tó ti ga jù. Ẹ ṣe pàṣípààrọ̀ náà níbi tí gbólóhùn ti parí, ẹ má ṣe é láàárín gbólóhùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ohun tí ọ̀kẹ́sítrà ń ṣe lábẹ́ ohùn náà, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà púpọ̀, fáólìn kìíní tàbí oboe ti ń kọ orin náà pẹ̀lú olórin látilẹ̀. Bí ẹ bá fún oboe ní sólò, tí oboe kan náà sì ní ìlà mìíràn nínú ìwé adarí, ìlà yẹn ti di òrukàn. Ẹ wá ẹni tó máa gbà á kí kọ́ọ̀dù má fi pàdánù ohùn kan. Bó bá sì jẹ́ fáólìn ló ń tẹ̀ lé ohùn, ẹ pa fáólìn lẹ́nu mọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó wọlé nígbà tí orin bá padà. Ẹ tún wo àmì pp (rọra gan-an) tó fún àwọn olókùn. Nítorí ohùn sópránò tó lè gba gbọ̀ngàn kan ni wọ́n ṣe rọra tó bẹ́ẹ̀. Clarinet kan kò nílò pé kí ènìyàn 26 máa yọ́ rìn lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Níbi tí orin bá ti wúwo, p (rọra) tó lókun ló dára jù. Ṣùgbọ́n níbi tí tremolo (gbígbọn ọfà kíákíá lórí nóòtì) bá wà, ẹ fi í sílẹ̀ ní pp, torí tremolo máa ń bo fèrè mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́, ó sì kan Vakula. Tẹ́nọ̀, ohùn ọkùnrin tó ga, ni. Nínú ìwé tí wọ́n bá ti fi treble clef (àmì ìlà fún ohùn òkè) kọ tẹ́nọ̀, ohùn gidi wà ní octave kan (nóòtì mẹ́jọ) nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Bí ẹ bá da ìlà rẹ̀ kọ fún fáólìn bó ṣe wà, ẹ ti gbé alágbẹ̀dẹ sókè di ọmọdébìnrin, á sì gun orí gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti nílò ohùn Vakula, ẹ fún ṣẹ́lò, lórí okùn A rẹ̀, ní octave tó tọ́. Nínú ìwé àtijọ́ ẹ tún lè bá tẹ́nọ̀ nínú C clef. Ìyẹn kò ní octave kankan láti sún, bó ṣe wà ló ṣe ń dún.

Ìjì yìnyín rọrùn jù èyí lọ. Bìlísì ló ń pàṣẹ fún ìjì, ọ̀kẹ́sítrà ló sì ń jà. Ẹ lè yọ ohùn baritone rẹ̀ kúrò pátápátá níbi tí ọ̀kẹ́sítrà bá ti ní ìṣísẹ̀. Níbi tí wọ́n bá fi kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo dúró kí olórin lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ẹ gé e. Gígé sì ní òfin. Ẹ gé láti ibi kan lọ sí ibi tó jọ ọ́: kí béèsì wà lórí nóòtì kan náà tàbí kó lọ síbi tí ì bá lọ tẹ́lẹ̀, kí ìyára má yí padà lójijì, kí gbólóhùn má di bar mẹ́ta níbi tí gbogbo rẹ̀ ti ń jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Kẹ́ ẹ tó dunnú, ẹ tẹ̀ lé páàtì kọ̀ọ̀kan kọjá ojú ibi tí ẹ gé. Ẹ máa rí tie (ìlà tó ń fa nóòtì kan gùn) tó ń lọ sí bar tí kò sí mọ́, ẹ máa rí ẹni tó ń fun clarinet tó yẹ kó ti pààrọ̀ láti clarinet A sí ti B♭ nínú ìsinmi tí ẹ gé dànù, ẹ máa rí timpani tí wọ́n ní kó yí ohùn padà nínú bar 40 tó ti di bar mẹ́fà. Ti timpani yìí ló ń pamọ́ jù, torí kọ̀ǹpútà kì í ké sí i. Á fi ohùn tí kò sí lórí ìlù dún fún yín láìyẹsẹ̀.

Hopak kò ní gba àkókò yín. Ijó Ukraine ni, ó yá, ó sì dá lórí ìṣísẹ̀. Kí àtúnkọ yín má pọ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ kàn rí i pé ó parí dáadáa. Màá padà sórí ìparí láìpẹ́.

Ní ti àwọn rusalka, ègbè obìnrin ni, orin wọn sì máa ń tàn díẹ̀díẹ̀ bí omi. Ẹ má sáré fún flute ní ohùn ègbè náà, torí ó ṣeé ṣe kí flute ti níṣẹ́ lọ́wọ́ lókè wọn, bí ẹ bá sì mú un kúrò níbẹ̀, omi náà gbẹ. Àwọn olókùn tó fi mute (ohun tó ń dín ohùn okùn kù) sí ni màá fún: fáólìn kejì pín sí méjì, fíólà sábẹ́ wọn. Ìdí ni pé olókùn lè wú kó sì sọ̀ lórí nóòtì kan bí ẹgbẹ́ akọrin ṣe ń ṣe, kò sì nílò kí gbogbo wọn mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ con sordino (fi mute sí) ní bar méjì tó lọ pẹ̀lẹ́, ó kéré tán, ṣáájú ìwọlé, kẹ́ ẹ sì kọ senza sordino (yọ mute) lójú ibi tí wọ́n ti ní ìsinmi tó tó ìyẹn. Nínú páàtì tí wọn ò ti kọ ọ́, ìdajì á yọ mute, ìdajì á gbàgbé. Bí ẹ bá wá rí obìnrin méjìlá tó lè kọrin lẹ́yìn aṣọ ìtàgé lọ́jọ́ kan, ẹ kọ páàtì fún wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà tàbí kó má wà. Rimsky-Korsakov ṣe irú rẹ̀ nínú suite tó yọ láti inú ópẹ́rà tirẹ̀ lórí ìtàn Gogol yìí kan náà, ìyẹn ópẹ́rà tó jáde ní 1895: ègbè wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀kẹ́sítrà lè ṣe é láìsí wọn.

Minuet ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, ó sì ní ìdẹkùn tirẹ̀. Bí àwọn ìjòyè ṣe ń jó ni Vakula lo àǹfààní náà láti tọrọ bàtà Ọbabìnrin. Ijó ń lọ lábẹ́, ọ̀rọ̀ ń lọ lókè. Èyí ni ibi tí a ti lè pa àyè olórin dé láìfi ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀, nítorí ijó náà fúnra rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan wò níbi tí olórin ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà míì, òun nìkan ló mú nóòtì kẹta kọ́ọ̀dù lọ́wọ́, ìyẹn nóòtì tó ń sọ bóyá kọ́ọ̀dù jẹ́ major tàbí minor. Bó bá lọ, kọ́ọ̀dù á ṣófo, ohun tí etí yín pè ní «nǹkan sọnù» lẹ́ẹ̀kan sí i nìyẹn. Ẹ fún fíólà tàbí bassoon kejì ní nóòtì yẹn, ní p, láìjẹ́ kó di orin. Níbi tí ijó bá dúró kí wọ́n lè dá Vakula lóhùn, ẹ fò ó kọjá lọ sí ibi tí ijó ti padà.

Ìparí wá ńkọ́? Nínú ópẹ́rà, orin kì í parí, ńṣe ló ń wọnú èyí tó tẹ̀ lé e: ẹnì kan á já lu ijó, kọ́ọ̀dù ìkẹyìn á di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ tó kọ bar kan tiyín, ẹ wá inú orin náà fúnra rẹ̀ bóyá cadence (kọ́ọ̀dù tó ń parí gbólóhùn) tó pé ti wà láàárín rẹ̀, lẹ́yìn apá àkọ́kọ́ tàbí níbi tí orin ti padà. Ẹ gbé e wá sẹ́yìn, pẹ̀lú ìlò ohun-èlò tó wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí kò bá sí, bar méjì sí mẹ́rin tó, kẹ́ ẹ sì wo bí Tchaikovsky ṣe tò kọ́ọ̀dù ìparí rẹ̀ sórí trombone àti horn níbòmíràn nínú ìwé kan náà, kẹ́ ẹ tò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ìlù ńlá àti cymbal tí kò fi síbẹ̀ parí i. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin. Etí tó ti gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú á mọ̀ kíákíá pé ọwọ́ ẹlòmíràn ti wọlé. Rusalka sí minuet ni ibi kan ṣoṣo tí màá ti dábàá kí orin dákẹ́ pátápátá, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí etí odò tó di ààfin. Ijó Rọ́ṣíà àti ti Kọ́sákì ní tiwọn, ẹ so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú attacca, ìyẹn láìdúró láàárín wọn.

Ó kan àwọn ènìyàn yín. Ìwé yìí fẹ́ horn mẹ́rin, ẹ ní mẹ́ta. Àṣà ni pé kìíní àti ìkẹta ń mú ohùn òkè, ìkejì àti ìkẹrin ń mú ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ má kàn ju ìkẹrin nù: ní kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ẹ wo nóòtì tí méjì nínú wọn jọ ń mú, kẹ́ ẹ yọ ọ̀kan níbẹ̀. Bí mẹ́rin bá yàtọ̀ síra, nóòtì kẹta àti ìkeje kọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ horn. Karùn-ún lè lọ sọ́dọ̀ bassoon. Ẹ ṣọ́ra fún bass clef nínú horn àtijọ́. Wọ́n máa ń kọ ọ́ ní octave kan nísàlẹ̀ sí ti òde òní, tí ẹ bá sì kà á bí ti òní, horn á bá ara rẹ̀ lábẹ́ ṣẹ́lò níbi tí kò ti lè dún dáadáa. Ti trombone, ẹ jẹ́ kí ẹni kejì gba ìlà ìkẹta, ìyẹn béèsì, bí ohun-èlò rẹ̀ bá ní F attachment (ọ̀pá àfikún tó ń jẹ́ kó lè sọ̀kalẹ̀ sí i), kí horn kẹta gba ìlà àárín níbi tí wọ́n ti jọ ń ṣe kọ́ọ̀dù. Tuba sábà máa ń tẹ̀ lé béèsì olókùn, ẹ fi í sílẹ̀ láìwá arọ́pò, àfi níbi tí òun nìkan bá wà. Bassoon kejì ni kẹ́ ẹ fún níbẹ̀.

Ìlà háàpù lọ sórí piano gidi. Ẹ má lo keyboard tó ń ṣe ohùn háàpù: ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde, etí sì máa ń mọ̀ pé kò sí lórí ìtàgé pẹ̀lú àwọn yòókù. Kọ́ọ̀dù tí háàpù fi ọwọ́ méjèèjì tú ká, ẹ dín in kù sí nóòtì mẹ́rin tàbí márùn-ún, kẹ́ ẹ kọ ibi tí ẹsẹ̀ máa kúrò lórí pedal sí i. Glissando (fífa ìka kọjá lórí gbogbo okùn) kò ṣeé gbé bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di scale tó yá lórí nóòtì kọ́ọ̀dù náà. Ìkan tó kù ni clarinet: bí ẹni tó ń fun ún kò bá ní ti A, ẹ sún páàtì A wálẹ̀ ní semitone kan (ìdajì ìṣísẹ̀ ohùn) fún B♭. Nóòtì ìsàlẹ̀ pátápátá, E lórí ìwé A, kò ní sí lórí B♭ mọ́. Ẹ wá gbogbo ibi tó ti yọjú, kẹ́ ẹ gbé e fún bassoon.

Títẹ páàtì kù. Ẹ̀yin 45, bó bá jẹ́ fáólìn kìíní 7, ìkejì 6, fíólà 5, ṣẹ́lò 5 àti béèsì 3, ẹ̀dà 15 ló tó fún àwọn olókùn, nítorí ènìyàn méjì ń wo ìwé kan. Ẹ̀dà 19 fún ìyókù, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. 34 ni gbogbo rẹ̀. Ìlà márùn-ún orin kò gbọdọ̀ kéré sí mìlímítà 7 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà bar síbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà ńlá síbi tí orin ti yí padà, kí ojú ewé sì parí níbi tí ìsinmi wà. Níbi tí trombone bá ti dákẹ́ fún bar 60, ẹ kọ nóòtì kékeré oboe tàbí fáólìn tó ṣáájú ìwọlé rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó lè gbọ́ láti ibi tó jókòó sí, ní ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ti gé orin, cue (irú nóòtì kékeré yẹn) tí ẹ dà kọ láti inú páàtì àtijọ́ lè jẹ́ ti bar tí kò sí mọ́.

Ní ìdánrawò àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìjì. Ẹ mú Oksana, àwọn olókùn nìkan, láìsí sólò, kẹ́ ẹ gbọ́ àyè náà bó ṣe ṣófo. Lẹ́yìn náà kí clarinet wọlé. Bí ẹ bá ní láti ní kí wọ́n rọra ju ohun tí ẹ kọ lọ, ẹ ti fi ohun-èlò kan sílẹ̀ ní ìpele ohùn rẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ ti yọ. Ẹ padà sínú ìwé, kẹ́ ẹ wá a kàn, kẹ́ ẹ tó tẹ ẹ̀dà 34.